Ọkọ̀, Pátákó àti Ẹni tó Ni Omi: Ìtàn Eré Sísá Lójú Omi ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

1. Ìfáàrà



Orúkọ àdúgbò kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ Ajégúnlẹ̀, àdúgbò ńlá tó wà lẹ́yìn èbúté Àpápá, níbi tí Yorùbá, Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Haúsá ti ń gbé pọ̀. Bí a bá tú orúkọ náà wò, ohun tó ń sọ ni pé ajé gúnlẹ̀ síbí. Àwọn tó ń sọ èdè wa lóde òní a máa rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí 'gúnlẹ̀' dáadáa. Ọkọ̀ ní í gúnlẹ̀. Ohun tó bá ti orí omi bọ̀, tí iwájú rẹ̀ kan ilẹ̀ etí odò, ni a ń sọ pé ó gúnlẹ̀. Orúkọ náà dojú kọ omi. Ó sọ fún wa pé ojú omi ni ọ̀nà tí ọrọ̀ ń gbà wọlé.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Èkíní ni pé, kí ni ń mú kí ohun tí ènìyàn gùn sáré lójú omi? Èkejì ni pé, ta ni a gbà láyè láti sá eré náà? Láti dáhùn èkíní, n ó fi ọkọ̀ igi inú ọ̀sà wa wé ohun kan tí àwọn ará òkèèrè fi ń sáré ìje lóde òní, èyí ni pátákó onígbòkun, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń lò fún ìje tí wọ́n ń pè ní slalom. Láti dáhùn èkejì, n ó padà sí Àpápá, n ó sì mẹ́nu ba ẹjọ́ méjì tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀kan lórí ilẹ̀, ọ̀kan lórí pátákó.

2. Ọkọ̀ igi inú ọ̀sà

Kí ojú irin tó dé, kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, omi ni òpópónà etíkun wa. Láti Èkó, atukọ̀ lè gba inú ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì, kí ó sì kọjá lọ sí Pọ́tónófò láìfojú kan òkun. Bí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá bombu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, inú ọkọ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ̀ tí wọ́n fi lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni agbára ọkọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀sà ti mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá a ṣe àdéhùn ní ọdún 1854. Robert Smith, òpìtàn tó kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì lórí ọkọ̀ igi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970, jẹ́ kó yé wa pé a kò lè mọ ìtàn òwò àti ogun etíkun yìí tí a kò bá mọ ọkọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ náà? Igi ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbẹ́. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi àáké àti ìgbẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú rẹ̀. Bí inú bá ti tó, wọ́n á dáná, wọ́n á bu omi sí i, kí ooru lè rọ igi náà, kí wọ́n fi igi há a láàárín kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì là. Nípa báyìí, ọkọ̀ a fẹ̀ ju igi tí wọ́n gé lọ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò fara balẹ̀. Bí ikùn ọkọ̀ bá nípọn jù, yóò wúwo, yóò sì lọ́ra. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, iná yóò là á. Bí apá kan bá nípọn ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ onípákó tún dé, tí wọ́n ń kan pákó mọ́ pákó, tí wọ́n sì ń dí ojú rẹ̀ kí omi má bàa wọlé.

Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni pé wọ́n gùn, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn wọn kò sì jìn. Omi ọ̀sà kò jìn níbi púpọ̀. Ọ̀pá ni atukọ̀ ń fi ti ọkọ̀ níbi tí ilẹ̀ bá wà nítòsí, kí ó tó mú àjẹ̀ níbi tí omi bá jìn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n a ta ìgbòkun, ìbáà jẹ́ ti ẹní tàbí ti aṣọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ní ohunkóhun lábẹ́ tó lè dì í mú nínú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ̀gbẹ́ náà ni ọkọ̀ yóò máa sún lọ, àfi bí atukọ̀ bá fi àjẹ̀ rẹ̀ gún omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti dá a dúró. Àjẹ̀ yẹn, tí ó jẹ́ ìtukọ̀ àti ìdádúró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi í sọ́kàn. A ó tún padà bá a.

3. Òfin tí omi fi lélẹ̀

Ní àwọn ọdún 1870, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Froude, gbẹ́ ihò omi gígùn kan ní Torquay, ó sì ń fa àwòrán ọkọ̀ kéékèèké kọjá nínú rẹ̀ láti wo bí omi ṣe ń dènà wọn. Ohun tí ó rí ni pé ọkọ̀ tó bá ń la omi kọjá, ìgbì ni ó ń dá sílẹ̀. Ìgbì kan ń yọ níwájú, òmíràn ń yọ lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì náà ń gùn sí i, títí ọkọ̀ yóò fi há sáàárín orí ìgbì méjì bí ẹni tó jókòó sínú kòtò. Láti jáde nínú kòtò yìí, agbára tí yóò lò yóò pọ̀ rékọjá ìwọ̀n.

Nítorí náà, gígùn ọkọ̀ ni òdiwọ̀n eré rẹ̀. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ nínú omi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, bíi máìlì ojú òkun 8 ní wákàtí kan ni ibi tí kòtò yìí yóò ti há a mọ́. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ọ̀nà kìíní ni kí ọkọ̀ gùn, kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, kí ìgbì tí yóò dá sílẹ̀ má bàa tóbi. Ọ̀nà kejì ni kí ó má la omi kọjá mọ́ rárá, ṣùgbọ́n kí ó gun orí rẹ̀, kí ó máa yọ̀ lọ bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù sójú odò.

Ọ̀nà kìíní ni àwọn agbẹ́kọ̀ wa tọ̀. Wọn kò gbẹ́ ihò omi, wọn kò sì kọ ìwé. Ojú, ọwọ́ àti ìrírí ìran dé ìran ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì náà kò ṣàjèjì sí àwọn ará Èkó lónìí. Ọkọ̀ oníke tó ní ẹ̀rọ lẹ́yìn, tó ń kó èrò láàárín èbúté kan sí èkejì, 'flying boat' ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ẹni tó fún un lórúkọ yìí kò purọ́: bí ẹ̀rọ bá ti gbóná, iwájú ọkọ̀ a gbé sókè, ìdí rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa fẹnu kan omi. Ó ń fò. Òfin kan náà yìí ni pátákó onígbòkun dúró lé lórí, àfi pé afẹ́fẹ́ ló wà ní ipò ẹ̀rọ.

4. Pátákó onígbòkun àti ìje slalom

Pátákó onígbòkun kì í ṣe ohun àtijọ́. Ní ọdún 1965, Newman Darby, ará Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Popular Science. Ní ọdún 1968, Hoyle Schweitzer àti Jim Drake, àwọn ará California, béèrè fún ìwé àṣẹ lórí tiwọn. Ohun tó jẹ́ ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé òpó ìgbòkun kò dúró gbọnyin bíi ti ọkọ̀. Oríkèé kan wà ní ìdí rẹ̀ tí ó ń jẹ́ kí ó tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ènìyàn tó dúró lórí pátákó ló ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgbòkun ró. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, iwájú pátákó a yà kúrò lójú afẹ́fẹ́. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, a yà sójú afẹ́fẹ́. Kò sí ìtukọ̀. Ara atukọ̀ ni ìtukọ̀.

Pátákó ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì ní pákó ìdádúró tí wọ́n ń kì bọ inú omi láti àárín. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e kúrú. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ṣeré lórí ìgbì ní Hawaii kan okùn mọ́ ojú pátákó láti ki ẹsẹ̀ bọ̀, kí wọ́n má bàa já bọ́ nígbà tí eré bá le. Ní ọdún 1984, eré náà wọ ìdíje Olympic. Ti àwọn obìnrin wọlé ní ọdún 1992.

Ìje slalom gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Norway, tí wọ́n ń fi bàtà gígùn yọ̀ lórí yìnyín gba ẹsẹ̀ òkè. Lójú omi, wọ́n á to àmì tó ń léfòó sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn olùdíje á jọ gbéra, afẹ́fẹ́ yóò sì máa ti ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn wọn wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí àmì kọ̀ọ̀kan po. Ẹni tó yára jù lójú ọ̀nà tààrà lè pàdánù níbi ìyíkọ̀ọ́rọ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta tí ń bá ara wọn jà ni ẹni tó ń ṣe pátákó slalom gbọ́dọ̀ mú bára dọ́gba: kí pátákó tètè gun orí omi, kí ó yára nígbà tó bá gun ún tán, kí ó sì ṣeé yí láìpàdánù eré.

Bí ó bá fẹ́ kí ó tètè gun orí omi, yóò sọ ọ́ di fífẹ̀, nítorí pé ibi fífẹ̀ ń gbé ẹrù dúró. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń ru, pátákó fífẹ̀ a máa ta lu ìgbì, atukọ̀ kò sì ní lè ká a mọ́. Bí ó bá tẹ abẹ́ rẹ̀ ní pẹlẹbẹ láti àárín dé ìdí, yóò yára. Bí ó bá tẹ iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, kò ní kì í bọ omi níbi ìyíkọ̀ọ́rọ̀. Etí rẹ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá kí omi lè já kúrò lára rẹ̀ kíákíá, nítorí omi tó bá rọ̀ mọ́ etí tó rí roboto ń fà á sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí pátákó slalom òde òní fi sábà máa ń gùn tó bíi mítà 2.2 sí 2.4 péré, tí ìbú rẹ̀ sì lè wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 85. Olùdíje kì í mú ẹyọ kan lọ sí ìje. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe rí ni yóò fi yan èyí tí yóò gùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà wọn pátákó yìí. Gẹ́gẹ́ bí gígùn rẹ̀, kò yẹ kó lè sáré kọjá máìlì ojú òkun 4 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kúrò nínú kòtò, tó gun orí omi, ó ń sá ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ rẹ̀ nínú ìje. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti fi ẹ̀rí tó ga hàn: ní Lüderitz ní Nàmíbíà, ní ọdún 2015, Antoine Albeau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi pátákó onígbòkun sáré máìlì ojú òkun 53.27 ní wákàtí kan, èyí tó lé ní kìlómítà 98.

Kí ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Lẹbẹ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ ìdí rẹ̀ bíi lẹbẹ ẹja. Iṣẹ́ tí lẹbẹ yìí ń ṣe kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ àjẹ̀ tí atukọ̀ wa fi ń gún omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn ló di ti wa mú, èyí tí ó fi lè yọ ọ́ nígbà tó bá fẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ìyàtọ̀ kékeré ni èyí. Ní ọdún 1984, koríko olódòdó àwọ̀ àlùkò tí ń léfòó lójú omi gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè wa láti ìhà Benin. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bo ojú ọ̀sà lọ́dọọdún, tí ó ń dì mọ́ ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀. Lónìí, ike àti ọ̀rá tí a ń jù sínú gọ́tà ti kún un. Lẹbẹ gígùn tó dúró ṣánṣán yóò kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sọ́rùn ni. Àwọn tó ń sáré níbi tí koríko wà lókè òkun a máa lo lẹbẹ tó rọ̀ sẹ́yìn kí koríko lè yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ọkọ̀ igi wa kò nílò irú ọgbọ́n yìí, nítorí kò ní nǹkan kan lábẹ́ tí koríko lè dì mọ́. Ọgbọ́n ibi tí ènìyàn wà ni ó yẹ kí ó pinnu irú ohun tí yóò kàn. Afẹ́fẹ́ Èkó pàápàá, tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá láti òkun lọ́sàn-án, kì í sábà le púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pátákó fún un, fífẹ̀ ni yóò ṣe é, ìgbòkun ńlá ni yóò sì ta.

5. Ẹjọ́ méjì

Mo ti sọ pé n ó mẹ́nu ba ẹjọ́ méjì. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé kan Àpápá gan-an. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Amodu Tijani, tí í ṣe Olóyè Olúwa, sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti òun àti àwọn ènìyàn òun, pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ní kíkún. Ilé ẹjọ́ ní Èkó kò gbà. Ní ọdún 1920, Olóyè Olúwa wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre. Olúwa Haldane tó ka ìdájọ́ náà sọ pé kò tọ́ kí a fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti ìlú, pé gbígbà tí ìjọba gba Èkó ní ọdún 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. £22,500 ni ìjọba san níkẹyìn.

Ẹjọ́ kejì wáyé ní ọdún 1985. Ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ Schweitzer pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tabur Marine lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ó ń ṣe pátákó onígbòkun láìgba àṣẹ. Tabur Marine mú ẹ̀rí wá pé ní ọdún 1958, ọmọ ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Peter Chilvers ti kan pátákó onígbòkun fúnra rẹ̀, ó sì ti ń fi í ṣeré ní Hayling Island níṣojú gbogbo ayé. Wọ́n tún mú àlàyé Darby tó jáde ní ọdún 1965 wá. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ohun tí ọmọdé ti ń fi ṣeré ní gbangba, ẹnikẹ́ni kò lè wá sọ lẹ́yìn náà pé òun nìkan ló ni ín. Ìwé àṣẹ náà wó.

Kí nìdí tí mo fi fi ẹjọ́ méjèèjì wé ara wọn? Ìdí ni pé nínú méjèèjì, ohun tí àwọn ènìyàn ti ń lò kí ìwé tó dé ló borí ìwé. Bí eré ọmọdé kan ní Hayling Island bá tó láti wó ìwé àṣẹ, ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa ohun tí a ti ṣe sí eré àwọn ọmọ tiwa. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Jean Barbot, oníṣòwò ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ní Elmina, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, tí wọ́n ń fi àjákù pátákó sí abẹ́ ikùn ṣeré láàárín ìgbì. Ní àwọn ọdún 1830, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James Alexander, rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Àkúrà: àwọn ọmọdékùnrin gbé pátákó fúyẹ́fúyẹ́ wọ òkun, wọ́n dúró de ìgbì, wọ́n sì gùn ún wá sí èbúté. N kò sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ló dá pátákó onígbòkun sílẹ̀. Wọn kò ta ìgbòkun lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé dídúró de ìgbì àti gígun orí omi kì í ṣe àjèjì ní etíkun yìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé ọgbọ́n tirẹ̀, yóò máa fi owó ra á lọ́jà òkèèrè.

6. Èbúté àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Àpápá. Nígbà àtijọ́, yanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà omi Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé. Fọ́kádò̀ ni púpọ̀ nínú ẹrù Èkó ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ kéékèèké. Ní ọdún 1908, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun láti ṣe ògiri tí yóò dá ìṣàn omi lẹ́kun, kí omi fúnra rẹ̀ lè gbá yanrìn náà lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ inú èbúté Èkó. Ní ọdún 1926, wọ́n parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin ní Àpápá, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti jà lé lórí. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1955. Ní ọdún 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba pàṣẹ fún pọ̀ dé ibi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú omi fún oṣù púpọ̀ láìríbi gúnlẹ̀. Ìyẹn ló mú kí wọ́n yára kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977.

Lára ìgbọ̀wọ́ èbúté yìí ni Ajégúnlẹ̀ fi kún. Àwọn tó wá fi èjìká gbé ẹrù, àwọn tó wá ta oúnjẹ fún wọn, àti àwọn apẹja tó ti ń bá omi gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n di ará kan náà. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ògiri èbúté ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni etí omi tí ará ìlú lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ń kúrú sí i. Eré sísá lójú omi kò parẹ́ ní Èkó. Ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, ṣì ń ta ìgbòkun lórí omi èbúté. Ní ọdún 1977, ìdíje ọkọ̀ wà lára ayẹyẹ FESTAC lórí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn èbúté ti ń wo púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ yí padà. Ní Tarkwa Bay, ní ẹnu èbúté, níbi tí ògiri òkúta ìgbà náà ti sọ ìgbì òkun di ohun tí ènìyàn lè gùn, àwọn ọmọ abúlé náà kọ́ pátákó gígùn lórí ìgbì, wọ́n mọ̀ ọ́n, àwọn àlejò sì ń wá wò wọ́n. Ní oṣù Kínní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì wó ilé wọn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn olè ń fọ́ ọ̀pá epo ládùúgbò náà. N kò jiyàn pé olè kò sí. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ní ọdún 99 lẹ́yìn ìdájọ́ Olóyè Olúwa, kí ló dé tí ẹni tó ń gbé etí omi kò ì tíì ní ẹ̀tọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i?

7. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni mo rọ̀ wá pé kí a ṣe. Èkíní, kí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti ti ìtàn ní àwọn yunifásítì wa jọ kó àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹ́kọ̀ Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìjọ àti Àwórì ń lò jọ: orúkọ igi, orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀, orúkọ ìṣàn omi àti ti afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ oníke ti ń gba ipò ọkọ̀ igi. Bí àgbà agbẹ́kọ̀ kan bá kú, ilé ìwé kan ló jóná. Èkejì, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa gbé ọkọ̀ igi wọ inú ihò omi bí Froude ti ṣe, kí wọ́n wọn ohun tí àwọn bàbá wa fi ojú wọ̀n. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba fi ibi kan sílẹ̀ létí omi Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, bó tilẹ̀ kéré, tí kò ní í ṣe ti ọkọ̀ ẹrù tàbí ti àgbá epo, níbi tí ọmọ ará ìlú ti lè kọ́ ìwẹ̀, ìtukọ̀ àti ìgbòkun títa.

Pátákó slalom kọ́ wa pé kì í ṣe agbára nìkan ní í mú ohun sáré lójú omi. Kí ó bọ́ kúrò nínú kòtò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ ni. Ajé ti gúnlẹ̀ ní Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kù kí àwọn tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn rí ojú omi tí ó gbà wá.